Ẹranko Igbó Tí Ó Ṣèṣe Kọjá Ìwòsàn: Ta Ni Yóò Dá Ẹjọ́ Rẹ̀?

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí a ṣe kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ kò gba àkókò tó ọ̀rọ̀ ẹtu kan. Ẹni tí ó wá sí ìpàdé náà ti mọ ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ tí wọ́n wà lókèèrè, n óò sọ ọ́ ní ṣókí. Ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá ẹtu lójú ọ̀nà tí ó wà níwájú ọgbà wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì di jákujàku, ó sì ń fi ẹsẹ̀ iwájú wọ́ ara rẹ̀ lọ sínú koríko. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé inú ọgbà rí i, wọ́n sì pariwo. Àwọn kan fẹ́ fi igi di ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn ti sáré lọ mú àdá. Mo tilẹ̀ gbọ́ pé omi ti wà lórí iná ní ilé ìdáná. Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó dá gbogbo wọn dúró. Ó fi aṣọ bo ojú ẹranko náà, ó tẹ dókítà ẹranko kan láago, ó ṣàlàyé ohun tí ó rí, dókítà náà sì dá a lóhùn pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí ẹ̀yìn tí ó ṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó kó àwọn ọmọ kéékèèké wọlé, ó ní kí àwọn àgbà inú wọn tí ó bá fẹ́ dúró sí òkèèrè, ó sì pe ọdẹ tí ń ṣọ́ ọgbà. Ìbọn kan ṣoṣo ni. Lẹ́yìn èyí, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n sin ín.

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀sùn gbà wá bá olùkọ́ yìí. Ìyá kan sọ pé kò yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ Kristẹni pa ohun ẹlẹ́mìí lójú ọmọ, nítorí Ẹni tí ó fi ẹ̀mí sínú rẹ̀ nìkan ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á. Bàbá kan, tí ẹ̀rín kò jìnnà sí ẹnu rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó mọ ohun tí ó ń sọ, bèèrè ìdí tí a fi ń sin ẹran nígbà tí ẹja inú ọbẹ̀ àwọn ọmọ kò ju ìrù lọ. N kò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ dókítà ẹranko ni mo fi ọdún 31 ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, èrò mi sì ni pé olùkọ́ náà tọ̀nà ní ìhà méjèèjì: ní pípa tí ó ní kí a pa á, àti ní sísin tí ó ní kí a sin ín.

Ọ̀rọ̀ ìyá náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi ọwọ́ gbá dànù. Àwọn àgbà wa náà ni wọ́n sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tí òwe náà ń bi ènìyàn ni pé, ṣé o ti wá oògùn kí o tó gbé idà? Bí mo bá gbọ́ ìbéèrè yìí, ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà ni ọkàn mi máa ń lọ sí, nítorí mo mọ̀ ọ́n ní ẹjọ́ tí ó nira jù lọ nínú irú rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2012, àwọn olè wọ ọgbà ẹranko Kariega ní agbègbè Eastern Cape. Wọ́n fi oògùn kun àgbáǹréré mẹ́ta lóorun, wọ́n sì gé ìwo wọn títí wọ inú egungun ojú nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà lára wọn. Àgbáǹréré yìí ni orúkọ tí a mọ̀ láti inú Sáàmù 92 nínú Bíbélì wa; ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi ìwo rẹ̀ gbàdúrà rí, láìmọ̀ pé ìwo náà gan-an ni ọ̀tá rẹ̀. Ọ̀kan nínú mẹ́ta kú lójú ẹsẹ̀. Méjì tí ó kù, akọ tí wọ́n ń pè ní Themba àti abo tí wọ́n ń pè ní Thandi, wà láàyè, ihò ẹlẹ́jẹ̀ sì ni ibi tí ìwo wà tẹ́lẹ̀. William Fowlds, dókítà ẹranko, ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Ní ọdún tí ó ṣáájú, ọkùnrin yìí kan náà ti dúró níwájú àgbáǹréré mìíràn, Geza, tí wọ́n ṣe lọ́nà kan náà, òpin ni wọ́n sì fi sí ìrora Geza. Bí wọ́n bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní Kariega, kò sí ẹni tí ìbá dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n Fowlds wo àwọn méjèèjì, ó rí ibi tí ìrètí lè gbà wọlé, ó sì gbìyànjú.

Themba lo ọjọ́ 24, ó sì kú. Ẹsẹ̀ tí ó fi ara tẹ̀ nígbà tí oògùn àwọn olè fi dá a dùbúlẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó gbádùn. Thandi yè. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n tún un ṣe, wọ́n ń lẹ awọ mọ́ ojú rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2015 ó bí abo ọmọ, wọ́n sọ ọmọ náà ní Thembi, ó sì tún bí àwọn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a pa ẹranko kankan yóò nawọ́ sí Thandi. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a tètè pa wọ́n yóò nawọ́ sí ọjọ́ 24 ti Themba, èmi kò sì lè sọ pé kò rí nǹkan nawọ́ sí, nítorí ìrètí kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹranko ni ó sì ń san owó rẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì sí mi nínú ìtàn náà ni irú ẹni tí ó dá ẹjọ́. Ó mọ ara àgbáǹréré bí àgbẹ̀ ti mọ ilẹ̀ rẹ̀; oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ènìyàn wà lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ gbalasa wà tí ẹranko náà yóò ti máa gbé títí ara rẹ̀ yóò fi yá; ikú wọn kò sì fi kọ́bọ̀ kan kún owó rẹ̀. Nítorí náà nígbà tí ó sọ pé kí Geza kú, mo gbà á gbọ́, nígbà tí ó sì sọ pé kí Thandi wà láàyè, mo gbà á gbọ́ pẹ̀lú.

Èwo wá ni ìrètí ẹtu tiwa? Ewúrẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣẹ́, a lè so igi mọ́ ọn, kí ó máa jẹ èèpo iṣu lẹ́yìn ilé títí egungun yóò fi jinná. Ẹtu kì í ṣe ewúrẹ́ tí ó ń gbé inú igbó. Lójú rẹ̀, ènìyàn kò yàtọ̀ sí ẹkùn. Bí a bá lé e, tí a dì í mú, tí ariwo yí i ká, ìbẹ̀rù àti ìjàkadì náà nìkan lè ba iṣan ara rẹ̀ jẹ́; ìdọ̀tí tí ó bá ti ara iṣan náà jáde a wọ inú ẹ̀jẹ̀, a sì ba kíndìnrín jẹ́, a ó sì bá ẹranko náà ní òkú ní ọjọ́ kejì tàbí ní ọjọ́ mélòó kan sí i, láìsí ọgbẹ́ tuntun kankan lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí olùkọ́ fi bo ojú rẹ̀, tí ó sì lé àwọn ọmọ sẹ́yìn. Mo gbọ́ pé díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ń sọ pé ara rẹ̀ ti ń balẹ̀ nítorí pé kò ké. Ẹranko tí àwọn mìíràn ń pa jẹ kì í sábà ké bí ajá. Èyí tí ó bá fi àìlera hàn ni apẹranjẹ máa ń kọ́kọ́ mú, nítorí náà ó ti kọ́ láti pa ìrora mọ́nú. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ kì í ṣe àlàáfíà.

Nígbà tí egungun ẹ̀yìn bá ti ṣẹ́, tí ìdajì ara kò sì gbọ́ ohùn ìdajì kejì mọ́, kò sí ibi tí a óò so igi mọ́. Ohun tí ó kù láti yàn ni ikú ìṣẹ́jú kan tàbí ikú òru mẹ́ta, pẹ̀lú eṣinṣin, ìdin àti ìjàlọ. Òwe orí fífọ́ kò dé ibi tí orí ti fọ́ yángá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ọ̀rọ̀ yìí sáré. Ẹyẹ tí ó fi orí gbá fèrèsé kíláàsì, tí ó ṣubú bí òkú, ẹ gbé e sínú páálí níbi tí ó ṣókùnkùn, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò ti fò lọ kí wákàtí méjì tó pé. Ìjàpá tí èèpo rẹ̀ là, dókítà lè to èèpo náà pọ̀, kí ó sì jinná (àwọn baba wa kò kàn pa á ní àlọ́ lásán). Àwòdì tí apá rẹ̀ ṣẹ́ lè má fò mọ́, ṣùgbọ́n ó lè gbé inú ọgbà ẹranko, irú èyí tí ó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, fún ọdún púpọ̀. Mo ti rí àwọn ènìyàn tí wọ́n fi okúta fọ́ orí ẹyẹ tí kò ní ju kí ó sinmi lọ, tí wọ́n sì pè é ní àánú.

Àwọn kan ní kí a kàn fi ẹtu náà sílẹ̀ fún igbó. Bí ó bá ṣe pé ẹkùn ni ó ṣe é léṣe, èmi náà ìbá ní kí a yí ẹ̀yìn padà. Ní ọ̀pọ̀ ọgbà ẹranko ní ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn ẹ̀ṣọ́ kì í dá sí ohun tí kìnnìún bá ṣe, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí erin tí okùn wáyà àwọn adẹ̀gbẹ́ há mọ́ lẹ́sẹ̀, wọn yóò wá dókítà kàn, nítorí ọwọ́ ènìyàn ni ó wà níbẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kì í ṣe ẹkùn. Gbèsè wa ni. Ní oṣù Keje ọdún 2015, nígbà tí ará Amẹ́ríkà kan ta kìnnìún tí wọ́n ń pè ní Cecil ní ọfà ní ilẹ̀ Zimbabwe, gbogbo ayé ni ó pariwo pé wọ́n pa á. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé alẹ́ ni wọ́n ta á, ilẹ̀ sì mọ́ kí wọ́n tó pa á. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa tí wọ́n mọ iṣẹ́ kì í lọ sùn fi irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Wọn yóò tọ ẹ̀jẹ̀ náà dé òpin. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, nítorí ẹfọ̀n tí ó gbọgbẹ́ máa ń yí padà de ọdẹ. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹnu kan náà tí ọdẹ fi ń sun ìjálá ni ó fi ń ki erin àti ẹfọ̀n tí ó pa, kò sì sí ẹni tí ń ki ohun tí kò kà sí.

Èyí já sí ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìpàdé, pé ọ̀rọ̀ ìrora ẹranko jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó tí wọ́n ti yó. Ní ọdún 1822 ni ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú. Òun ni Bíṣọ́ọ̀bù Crowther tí a ń jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀ nígbàkígbà tí a bá ṣí Bíbélì Yorùbá. William Wilberforce wà lára àwọn tí wọ́n fi nǹkan bí ogún ọdún jà kí òfin tó ka òwò ẹrú léèwọ̀ ní 1807. Ní 1824, Wilberforce kan náà wà lára àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tí ń dènà ìwà ìkà sí ẹran sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí a mọ̀ lónìí sí RSPCA. Àlùfáà Arthur Broome ni akọ̀wé àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ náà, gbèsè ẹgbẹ́ sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n. Kì í ṣe àjẹyó ni ó ń dà á láàmú.

Mo padà sí ọ̀dọ̀ ìyá tí ó sọ pé Ọlọ́run nìkan ni ó ni ẹ̀mí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìkún-omi, Ọlọ́run yìí kan náà fún Nóà ní àyè láti pa ẹran jẹ, gbogbo wa ni a sì ń lo àyè náà ní ọdún Kérésìmesì láìbi ara wa ní ìbéèrè. Bí a bá lè pa adìyẹ nítorí ikùn tiwa, kí ni ó dé tí a kò fi lè pa ẹtu nítorí ìrora tirẹ̀? Òfin Mósè kò jẹ́ kí a mú ìyá ẹyẹ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀; ó pàṣẹ pé kí a ran kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ọ̀tá wa lọ́wọ́ bí ẹrù bá wó o mọ́lẹ̀; Olúwa wa sì gbà pé kò sí ẹni tí yóò dúró de òpin ọjọ́ ìsinmi kí ó tó fa màlúù yọ nínú kòtò. Nínú gbogbo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ẹni tí ó rí ẹranko nínú wàhálà tí ó sì kọjá lọ ni a bá wí.

Mo mọ ìbẹ̀rù tí ó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìyá náà. Bí àwọn ọmọ bá kọ́ láti pa ẹtu tí ń jẹ̀rora lónìí, kí ni wọn yóò ṣe sí ìyá àgbà tí ó dùbúlẹ̀ àìsàn lọ́la? Ìwé Mímọ́ ti ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀. Nígbà tí Sọ́ọ̀lù gbọgbẹ́ ní òkè Gílíbóà, ó bẹ ẹni tí ó ru ìhámọ́ra rẹ̀ pé kí ó pa òun, onítọ̀hún sì kọ̀. Ará Ámálékì tí ó wá sọ fún Dáfídì pé òun ni òun gba ẹ̀bẹ̀ náà, ẹ̀mí rẹ̀ ni ó fi san án. Kò sí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nípa ẹran kankan. Ènìyàn tí ó wà lórí àkéte ìrora lè pe ọmọ rẹ̀, ó lè dárí jì, ó lè gbàdúrà, ó lè gbọ́ pé ilẹ̀ yóò mọ́ kí ó sì gbà á gbọ́. Ẹtu kò ní ọ̀la tí a lè fi tù ú nínú. Ìrora ìsinsìnyí ni gbogbo ayé rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀, òun gan-an ni mo sì kà sí jù. Èmi kò bá àgbẹ̀ tí ebi ń pa jà bí ó bá rí ọ̀yà tí mọ́tò gbá, tí ó gbé e lọ sílé. Bí àwọn òbí tèmi ti ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n níbi tí a ti ń kọ́ ọmọ ní bí a ti ń dá ẹjọ́, ẹni tí yóò jẹ ẹran náà kò gbọdọ̀ wà lára àwọn tí yóò sọ bóyá ó kọjá ìwòsàn. Ẹ rántí omi tí ó ti wà lórí iná kí ẹnikẹ́ni tó wo ẹ̀yìn ẹtu náà. Bí ó bá ṣe pé ẹsẹ̀ kan lásán ni ó rọ́, ǹjẹ́ a óò rí i? Ìwé Ẹ́kísódù orí 22 sọ pé ẹran tí ẹranko fà ya nínú ìgbẹ́ kì í ṣe fún àwọn ènìyàn mímọ́ láti jẹ, ajá ni kí wọ́n jù ú sí. N kò mọ gbogbo ìdí òfin náà, ṣùgbọ́n mo rí èso rẹ̀: ẹni tí ó bá ẹran tí ó fàya pàdé kò ní èrè kankan nínú ikú rẹ̀. Oògùn tí àwa dókítà fi ń mú ẹranko sùn títí láé tún le ju òfin Mósè lọ, nítorí ó máa ń wà nínú ẹran ara lẹ́yìn ikú. Ajá tàbí igún tí ó bá jẹ ẹ́ lè kú. Sísin ni. Olùkọ́ wa kò ní oògùn náà lọ́wọ́, ìbọn ọdẹ ni ó rí, ṣùgbọ́n ó ṣe bí ẹni tí ó ní i.

Ní ti àwọn ọmọ tí wọ́n wò ó, ọmọ mi obìnrin tí ó ń ṣe olùkọ́ ní ìlú mìíràn sọ fún mi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ sọ òkúta lu òwìwí kan títí ó fi kú nítorí wọ́n ní ẹyẹ àjẹ́ ni, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Kò sí òbí tí ó bá a sọ ọ́ ní ìpàdé. Ní ọgbà tiwa, mo gbọ́ pé kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín, ọmọkùnrin kan sì bèèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n gbàdúrà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ ṣe kò pọ̀. Kí nọ́ńbà dókítà ẹranko ìjọba ìbílẹ̀ wà lára ògiri ọ́fíìsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilé ìwòsàn. Kí a kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé ẹranko igbó tí kò sá fún ènìyàn lè ní àrùn dìgbòlugi, nítorí náà kí wọ́n pe àgbà, kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kàn án. Nínú owó tí a ń dá fún ẹnu-ọ̀nà tuntun, kí a yọ díẹ̀ ṣe ìdíwọ́ eré sísá méjì sójú títì, kí a sì kọ ìkìlọ̀ fún àwọn awakọ̀. Ibi tí mọ́tò ti gbá ẹtu náà wà láàrin odò àti oko kòkó, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ wa ń gbà sọdá lọ sí pápá ìṣeré ní ìrọ̀lẹ́.